Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Framework Ńláńlá

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti di ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa fi ń gbọ́ bùkátà ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan ti ilé-ìwé gíga bọ́ sí i. Àwọn mìíràn fi iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀, wọ́n san owó gọbọi fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta, wọ́n sì di ẹni tí ń jókòó ní ọ́fíìsì. Nítorí náà, àríyànjiyàn tí ó wà láàárín àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan. Ó kan àpò wa, ó sì kan ọjọ́ iwájú àwọn ọmọ wa. Àríyànjiyàn náà ni èyí: àwọn framework ńláńlá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò, ǹjẹ́ àǹfààní wọn tó ìyà tí ènìyàn ń jẹ lórí wọn?

Kí àwọn tí kò sí nínú iṣẹ́ náà lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí framework jẹ́. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ètò kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe wọ́n: mímọ ẹni tí ó wọlé, kíkọ nǹkan sínú dátábéèsì, dídáhùn ohun tí àwọn oníbàárà ń béèrè láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Dípò kí olúkúlùkù máa ṣe gbogbo èyí láti ìpìlẹ̀, àwọn kan ti bá wa ri òpó, wọ́n ti kan òrùlé. Ó ku kí a mọ ògiri, kí a sì kan ilẹ̀kùn. Òpó àti òrùlé yẹn ni framework. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan. Irinṣẹ́ lásán ni ènìyàn ń mú lọ́wọ́ láti fi ṣe ohun tí ó wù ú. Nínú framework, òun ni onílé, àwa ni àlejò. Ìgbà tí ó bá pè wá ni a ń dáhùn. Ibi tí ó bá ní kí a jókòó sí ni a ń jókòó.

Àpẹẹrẹ tí ó yanjú jù lọ ni ti Java, èdè tí ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems gbé jáde ní ọdún 1995. Ní 1998 ni Enterprise JavaBeans, tí àwọn ènìyàn ń pè ní EJB, jáde. Ní ìparí ọdún 1999, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn òpó J2EE, àkójọ ìlànà tí Sun ṣe fún iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ìlérí rẹ̀ dára púpọ̀: kí ẹni tí ń kọ ètò fún ilé ìfowópamọ́ gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ owó, kí ó fi ọ̀rọ̀ ààbò àti ti èrò púpọ̀ sílẹ̀ fún framework.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi san án? Ní ayé EJB 2, ẹni tí ó fẹ́ kọ iṣẹ́ kékeré kan, bí àpẹẹrẹ kí ó ka iye owó tí ó wà nínú àkáǹtì, ní láti kọ fáìlì Java mẹ́ta, kí ó sì fi ẹ̀kẹrin tí a fi XML kọ kún un láti ṣàlàyé àwọn mẹ́ta ìṣáájú. Nínú fáìlì tí iṣẹ́ gan-an wà, ó pọn dandan kí ó kọ ejbActivate, ejbPassivate, ejbRemove àti setSessionContext, ìbáà tilẹ̀ ṣe pé òfìfo ni inú wọn. Lẹ́yìn èyí, kò rọrùn rárá fún un láti dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó di ìgbà tí ó bá gbé e sínú server ńlá bí WebLogic tàbí WebSphere. Gbogbo èyí nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo tí ìlà díẹ̀ ìbá dáhùn.

Ní 2002, ọmọ ilẹ̀ Australia kan tí ń jẹ́ Rod Johnson kọ ìwé tí ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú wàhálà wọ̀nyí kò pọn dandan. Kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ó kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà ètò tí ó fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Láti inú ètò yẹn ni Spring ti jáde, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ dé ní 2004. Ní 2006, àwọn tí ó ni EJB fúnra wọn gba ọ̀rọ̀ gbọ́: EJB 3 sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrù náà kalẹ̀. Entity bean, tí a ti fi kọ́ àwọn ènìyàn bí ẹni pé láìsí i kò sí ètò gidi, ni a gbé tì, tí a sì fi ọ̀nà tuntun tí ó yá ọgbọ́n lọ́wọ́ Hibernate rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wá ro ti ẹni tí ó ti fi ọdún méjì kọ́ entity bean, tí ó sanwó ìdánwò, tí ó sì gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ sára ògiri. Ìmọ̀ náà di ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọdún méjì kan náà kọ́ SQL dáadáa, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀ láti nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979, ń jẹun nídìí rẹ̀ títí di òní olónìí. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹ̀yin òbí.

Ẹ má sì rò pé Spring kò ní àléébù. Bí ó ti ń dàgbà ni ó ń sanra. Nígbà tí ó fi di 2014, ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ débi pé àwọn tí ó ni ín gbé Spring Boot jáde láti máa bá ènìyàn di ẹrù náà. Bẹ́ẹ̀ ni onílé lè yí orúkọ àdúgbò padà lójijì. Oracle, tí ó ra Sun ní 2010, fi ohun tí J2EE dà lé Eclipse Foundation lọ́wọ́ ní 2017, ṣùgbọ́n kò yọ̀ǹda orúkọ Java fún wọn. Ó di Jakarta EE ní 2018. Ní 2020, orúkọ javax tí ó bẹ̀rẹ̀ àìmọye ìlà nínú ètò àwọn ènìyàn di jakarta. Nígbà tí Spring 6 tẹ̀lé e ní 2022, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ bá a lọ ní láti padà sínú ètò wọn láti yí orúkọ padà. Kò sí oníbàárà tí ó béèrè fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n a san owó rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tí ń gbèjà framework ńlá pẹ̀lú. Bí ilé ìfowópamọ́ bá yọ owó kúrò nínú dátábéèsì kan, tí ó sì fẹ́ kọ ọ́ sínú òmíràn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀rọ bá kú láàárín méjèèjì? Owó ti kúrò níhìn-ín, kò sì dé ọ̀hún. Àwọn tí ó ṣe J2EE mọ ìṣòro yìí dáadáa. Wọ́n ṣètò pé kí a kọ́kọ́ bi dátábéèsì kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti ṣe tán; ìgbà tí gbogbo wọn bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ni a tó ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Bí ẹyọ kan bá kọ̀, gbogbo wọn yóò padà sí bí wọ́n ti wà. Ẹni tí ó bá rò pé òun lè dá kọ irú èyí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì rí ọjọ́ tí iná kú.

Ẹ̀rí kejì wọn tún lágbára. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń bú framework ni wọ́n ń kọ framework tiwọn láìmọ̀. Lónìí wọ́n kọ ọ̀nà tí a ń gbà wọlé, lọ́la wọ́n kọ ọ̀nà tí a ń gbà bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, nígbà tí yóò fi di ọdún kẹta, ilé ti dìde tí ẹnì kan ṣoṣo mọ ọ̀nà inú rẹ̀. Ọjọ́ tí onítọ̀hún bá rí iṣẹ́ tuntun, kò sí ìwé tí a lè kà, kò sí ẹni tí a lè bi. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Spring ni, àlejò tí a gbà ní ọjọ́ Ajé lè mọ ibi tí yàrá wà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ní ilé-iṣẹ́ tí ènìyàn ń wọlé tí ènìyàn ń jáde, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Kí wá ni èrò tèmi? Ẹrù ńlá kò burú bí ẹni tí ń rù ú bá mọ ìdí tí òun fi ń rù ú, tí ó sì ní agbára láti máa tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí a gbé e nítorí pé aládùúgbò gbé e. Ohun tí ó yẹ ni ni ó yẹ ni. Okùn ọrùn kò yẹ adìyẹ. Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ wa kan bá ní ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹgbẹ́, tí a fẹ́ máa kọ owó oṣooṣù wọn sílẹ̀, dátábéèsì kékeré kan àti ojú ewé díẹ̀ ti tó. Ẹni tí ó bá dábàá ohun tí ó wà ní ilé ìfowópamọ́ fún wọn ń fi owó ẹgbẹ́ kọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀ ni.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2017. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni a kéde ihò kan nínú Struts, framework Java kan tí ó gbajúmọ̀. Àtúnṣe sì jáde ní oṣù kan náà. Equifax, ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn, kò fi àtúnṣe náà sí gbogbo ibi tí ó yẹ. Ní oṣù karùn-ún àwọn olè gba ibẹ̀ wọlé. Ìparí oṣù keje ni a tó rí wọn. Ìsọfúnni nǹkan bí mílíọ̀nù 147 ènìyàn ní Amẹ́ríkà bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ó sì kan àwọn kan ní Britain àti Canada pẹ̀lú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, tí a kéde ihò mìíràn nínú Log4j, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà nínú ohun tí wọ́n ń lò, nítorí pé inú ẹrù mìíràn ni ó bá wọlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ilé tí ẹlòmíràn kọ́ gbọ́dọ̀ máa yẹ òrùlé rẹ̀ wò.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí a bi ara wa kí a tó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìṣòro tí framework yìí wà fún, ǹjẹ́ àwa ní in lónìí, tàbí a kàn ń retí rẹ̀ ni? Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún? Bí a bá sì fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, èló ni yóò ná wa? Bí ìdáhùn sí àkọ́kọ́ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí a sì mọ ìdáhùn sí méjì yòókù, ẹ gbé e láìbẹ̀rù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, èmi kò sọ pé kí ẹ má kọ́ Spring o. Iṣẹ́ wà nídìí rẹ̀, owó ilé kì í sì í dúró de àríyànjiyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ kọ́ ìpìlẹ̀ ṣáájú: kí ẹ mọ èdè náà gan-an, kí ẹ mọ SQL, kí ẹ mọ bí ìbéèrè ṣe ń kúrò lórí ẹ̀rọ kan tí ó sì ń dé òmíràn, kí ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín kọ ètò kékeré láìsí framework kankan. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó kíláàsì fún ọmọ, ẹ béèrè bóyá àwọn nǹkan wọ̀nyí ni wọn yóò kọ́ ọ, tàbí orúkọ framework kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ há sí i lórí. Orúkọ yóò yí padà, bí ti EJB ti yí padà. Ìpìlẹ̀ ni ọmọ yóò gbé lọ sí ilé-iṣẹ́ kejì àti ìkẹta.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn eku.