Ta Ló Ni Oṣù Ìtàn Ènìyàn Dúdú?



Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá tí n kò lè gbé mì. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa, awakọ̀ ni, mú àwòrán tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ wá, láti yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Àjọyọ̀ ìtàn ènìyàn dúdú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní oṣù Èrèlé, èyí tí a ń pè ní Fẹ́búárì. Wọ́n to àwòrán àwọn ènìyàn dúdú tó lókìkí sára ògiri gbọ̀ngàn: ààrẹ orílẹ̀-èdè, adájọ́, olórin, eléré ìdárayá, ẹni tó lọ sí òfúrufú. Inú ẹ̀gbọ́n wa dùn, ó ń fi han kálukú. Àfi bí ẹnìkan ṣe sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pé, "Àríyá àwọn oníwèé nìyẹn. Kí ló kan ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn ṣì í. Àwọn tó to àwòrán sára ògiri náà ṣì í. Àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe: wọ́n rò pé ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Inú kòtò èédú ló ti bẹ̀rẹ̀. Carter G. Woodson, tí gbogbo ayé ń pè ní baba ìtàn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, ọdún 1875 ni wọ́n bí i ní Virginia. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ kí òmìnira tó dé. Nígbà tó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó lọ wa èédú ní West Virginia, nítorí kò sí owó ilé ìwé. Ọmọ ogún ọdún ni kó tó lè wọ ilé ìwé gíga. Ọ̀gbẹ́ni kan wà níbi ìwakùsà náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oliver Jones. Òun náà ń wa èédú. Ó ti jagun rí nínú ogun abẹ́lé tó fòpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Kò mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n ó ra ìwé, ó ra ìwé ìròyìn, ó kó wọn sílé, ó sì sọ ilé rẹ̀ di ibi tí àwọn awakùsà dúdú ń jókòó sí lẹ́yìn iṣẹ́, tí wọ́n ń jẹ èso àti áísìkiriìmù. Woodson ló ń ka ìwé ìròyìn fún wọn, ohun tó bá jẹ níbẹ̀ lowó iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá kà á tán, wọn á jiyàn lé e lórí. Wọn á sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, wọn á sọ̀rọ̀ òṣèlú, àwọn tó ti jagun á sọ ohun tí ojú wọn rí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun kékeré nìyẹn. Woodson fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé ilé Jones ni ìfẹ́ ìtàn ti wọ òun lára. Ó lọ sí Harvard, ó gba oyè Dókítà níbẹ̀ ní 1912, òun sì ni ènìyàn dúdú kejì tó gbà á. Ní 1915 ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìtàn ènìyàn dúdú. Ní 1926 ó ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ ní oṣù Èrèlé, nítorí ọjọ́ ìbí Lincoln àti ti Frederick Douglass bọ́ sí i. Àwọn awakùsà tó jókòó tí wọ́n ń gbọ́ ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ ṣe yunifásítì rẹ̀. Mélòó nínú wọn ni àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri?

Àwa náà mọ èédú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú 1949, ọlọ́pàá ìjọba òyìnbó yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley, ní Enugu. Ìtàn ènìyàn dúdú nìyẹn bí ti ààrẹ kankan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn di oṣù. Báwo ló ṣe dà bẹ́ẹ̀? Ìjọba kọ́ ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ní Kent State, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Black United Students. Ní oṣù Bélú 1968, ọlọ́pàá Oakland wá sí ọgbà wọn láti wá gba ènìyàn síṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó dí wọn lọ́nà. Nígbà tí yunifásítì fẹ́ fìyà jẹ wọ́n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú dìde lápapọ̀, wọ́n fi ọgbà sílẹ̀, wọn kò padà títí wọ́n fi gbọ́ pé ìyà kò ní sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti yan iṣẹ́ lódì rí, ẹ mọ orúkọ ohun tí wọ́n ṣe. Ní Èrèlé 1969, àwọn àti àwọn olùkọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ kan kò tó, oṣù kan ni àwọn ń fẹ́. Nígbà tó di 1970, wọ́n ṣe é. Ó di 1976 kí ààrẹ Amẹ́ríkà tó fi ẹnu ìjọba pe àwọn ènìyàn sí i.

Bí oṣù Èrèlé bá sì wọlé, orúkọ méjì wà tó yẹ kó ṣáájú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé 1968, ní ìlú Memphis, òjò ń rọ̀. Echol Cole àti Robert Walker, akólẹ̀ ni wọ́n, sá sí ẹ̀yìn ọkọ̀ akólẹ̀ wọn. Ọkọ̀ tó ti gbó ni. Ẹ̀rọ tí ń fún ìdọ̀tí pọ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì fún àwọn méjèèjì pa. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ké tipẹ́ nípa àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kan náà, nǹkan bí 1,300 akólẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbé pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ènìyàn ni àwọn. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni kí ìlú gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn wọlé, kí owó iṣẹ́ sì jọ owó. Nítorí wọn ni Martin Luther King ṣe lọ sí Memphis, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pa á ní ọjọ́ 4 oṣù Igbe. Ọjọ́ 16 oṣù náà ni ìlú tó gbà fún wọn. Ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn yunifásítì, wọn á gbé àwòrán King kọ́, wọn kò ní sọ ohun tó bá lọ síbẹ̀.

Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún A. Philip Randolph. Ní 1925 ó bá àwọn ọkùnrin dúdú tó ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ ojú irin Pullman dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn èrò òyìnbó ń pe gbogbo wọn ní George, orúkọ ọ̀gá ilé iṣẹ́, bí ẹni ń fi orúkọ olówó ẹrú pe ẹrú. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi jà kí Pullman tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1937. Randolph yìí náà ló ṣe aṣáájú ìwọ́de ńlá ti Washington ní ọjọ́ 28 oṣù Ògún 1963. Iṣẹ́ àti Òmìnira ni wọ́n pe ìwọ́de náà fún. Lónìí, òmìnira nìkan ni àwọn oníwèé ń rántí nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kò gba awakọ̀ tàbí kọ̀ńdọ́kítọ̀ dúdú. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀ ti dìbò ní 1955 pé àwọn kò fẹ́ wọn lórí bọ́ọ̀sì. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ o! Ní 1963, Paul Stephenson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí aláwọ̀ dúdú má wọ bọ́ọ̀sì ìlú náà mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Èbìbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Bristol wọ́de lọ sí ibùdókọ̀ àti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ló wá kọ́ wa ní ohun tó yẹ kí a ti mọ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Ògún, ọjọ́ ìwọ́de Washington gan-an, ilé iṣẹ́ náà juwọ́ sílẹ̀. Ọdún 2013 ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó tọrọ àforíjì, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

Nítorí náà, ẹni tó ní kí ló kàn wá, mo fẹ́ kó gbọ́ èyí. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2025, gómìnà Ohio, ìpínlẹ̀ Kent State yẹn kan náà, fọwọ́ sí òfin kan. Òfin náà pa àwọn ètò tí yunifásítì ìjọba gbé kalẹ̀ rẹ́, àwọn ètò tí wọ́n fi ń rí i pé àwọn tí a ti yà sẹ́yìn rí àyè wọlé. N kò sọ pé ó fòfin de àjọyọ̀ ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ yí ojú ìwé náà: òfin kan ṣoṣo yìí náà ló ní olùkọ́ yunifásítì ìjọba kò gbọdọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ mọ́. Ọwọ́ kan náà ló mú nǹkan méjèèjì. Ẹni tó kọ òfin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ara wọn tan. Àwa là ń rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn ilé ìpàdé. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.

Mo ti fi ìwé ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka pé kí a kọ lẹ́tà sí ọmọ ẹ̀gbọ́n wa, kó bá wa bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò àjọyọ̀ náà bí àyè bá wà lára ògiri fún Echol Cole, Robert Walker àti Oliver Jones. Mo sì ń bèèrè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìpàdé oṣù Èrèlé, kí ẹnìkan ka ìtàn, kí a jiyàn lé e lórí. Ẹni tó fẹ́ takò mí, kó wá síbẹ̀ wá takò mí lójú. Ẹni tó mọ̀wé kà dáadáa, kó fún akọ̀wé ní orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, kó wá jókòó níwájú. Bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà, èmi ni màá rà á.