Bí Onígbá Bá Ṣe Pe Igbá Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtàn Iṣẹ́ Wa ní Orí LinkedIn

 

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú rẹ̀, fi fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ojú-ìwé LinkedIn mi. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń wá iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò pè mí." Mo wò ó. Ní ibi tí ó yẹ kí ìrírí iṣẹ́ rẹ̀ wà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀: pé ó jẹ́ agùnbánirọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Mo bi í léèrè ohun tí ó ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ní kò sí nǹkan pàtàkì, pé ìṣirò ni òun kàn ń kọ́ àwọn ọmọ.

Nígbà tí mo tún bi í síwájú sí i ni ó tó sọ pé kíláàsì mẹ́ta ni òun ń kọ́. Pé àwọn ọmọ tí ó ń múra ìdánwò WAEC máa ń dúró ti òun fún wákàtí kan lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí. Pé òun náà sì ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gbé ètò ìdíje ìṣirò lé lọ́wọ́. Ó ń sọ gbogbo èyí bí ẹni tí ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ èyí tí ó gbé e wá gan-an. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti ṣe alákòóso fún ọdún méjì ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá pè láti wádìí, ẹ̀gbọ́n ọ̀hún yóò jẹ́rìí sí i. Àbúrò mi ń wò mí lójú, ó ń retí kí n sọ pé kò burú.

Èsì kò tètè jáde lẹ́nu mi, nítorí pé èmi náà ti tọ ọ̀nà yìí rí, mo sì mọ ibi tí ó já sí.

Irọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ

Ẹ̀kọ́ Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì. Lẹ́yìn ìsìnrú ìlú, ọdún méjì gbáko ni mo fi wà pẹ̀lú màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ní ọjà Gbági Tuntun, ní Ìbàdàn. Mo ń tajà ní ọ̀sán, mo sì ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè ní òru fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fún mi ní iṣẹ́. Nígbà tí mo ṣí ojú-ìwé mi sí orí LinkedIn, mo yọ ọ̀rọ̀ Gbági kúrò pátápátá. Ojú ń tì mí. Mo rò ó pé ta ni yóò gba ẹni tí ó ń wọn ànkárá ní ọ̀pá-ọ̀pá sí ọ́fíìsì. Mo kọ ọ́ pé mo gba oyè B.A., ṣùgbọ́n n kò sọ ohun tí mo kà. Mo wá mú orúkọ ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ méjì péré fún mi rí, mo kọ ọ́ pé èmi ni olórí ẹ̀ka ìtumọ̀ wọn fún ọdún méjì.

Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ fíìmù fi pè mí. Wọ́n fún mi ní ìdánwò, mo ṣe é. Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìyáàfin kan bi mí pé ènìyàn mélòó ni ó wà ní ẹ̀ka tí mo darí. Mo ní mẹ́rin. Wọ́n bi mí bí a ti ń pín iṣẹ́ láàárín ara wa, àti ẹni tí ó ń yẹ iṣẹ́ wò kẹ́yìn. Mo ní èmi ni. Kò tó ìṣẹ́jú kan, mo tún ní ọ̀gá wa ni. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò le rárá fún ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Èmi kò ṣe é rí, òógùn sì bò mí nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́.

Ìyáàfin náà pa ìwé tí ó wà níwájú wọn dé. Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé àwọn mọ ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ tí mo dárúkọ, pé ẹni náà nìkan ni ó ń dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mí wọra ni gbólóhùn tí wọ́n fi kádìí ọ̀rọ̀: nínú gbogbo ìdánwò tí ó dé ọwọ́ wọn, tèmi ni ó dára jù. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ti gbé mi dé ẹnu ọ̀nà, irọ́ mi ni ó ti mí padà síta. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní purọ́ n níyì, ẹ̀tẹ́ ní í mú wá.

Nígbà tí mo délé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún màmá mi. Mo mọ̀ pé wọn yóò bínú nítorí irọ́ náà. Wọ́n bínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni ó dùn wọ́n jù. Wọ́n ní, "Àníkẹ́, o lọ yá ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù, o wá fi ti ìyá rẹ pamọ́? Ṣé kì í ṣe ìwọ ni o ṣètò ìwé gbèsè fún mi, tí owó mi tí ó ti há fi ń wọlé? Ṣé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ni?" N kò rí èsì fọ̀. Mo kàn dọ̀bálẹ̀ lórí ibùsùn mi, mo ń ronú.

Ohun tí ìkànnì yìí ń wá

Láti ọdún 2003 ni LinkedIn ti wà, ilé-iṣẹ́ Microsoft sì kéde ní ọdún 2016 pé òun rà á. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò ó bí ẹni ń lo Facebook: a gbé fọ́tò síbẹ̀, a kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa, a wá jókòó, a ń retí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni àwọn agbanisíṣẹ́ fi ń wá ènìyàn níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ògbufọ̀ èdè Yorùbá yóò tẹ "Yorùbá", yóò tẹ "ìtumọ̀". Bí àwọn ọ̀rọ̀ náà kò bá sí lójú-ìwé rẹ, báwo ni yóò ṣe rí ọ? Èmi tí mo fi orúkọ ẹ̀kọ́ mi pamọ́ nítorí ìtìjú, mo fi ara mi pamọ́ fún àwọn tí ó ń wá irú mi.

Ààyè tí wọ́n fún wa kì í ṣe kékeré. Àkọlé tí ó wà lábẹ́ orúkọ ẹni gba 220 àmì lẹ́tà. Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ara ẹni gba 2,600. Àlàyé abẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gba 2,000. Ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó máa ń hàn kí ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́ láti ka ìyókù, nítorí náà kí ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ṣíwájú.

Ìkànnì náà sì ti mọ̀ pé iṣẹ́ kò rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Bí o bá ń kọ ìrírí kan sílẹ̀, o lè yàn án pé iṣẹ́ alákòókò kíkún ni, tàbí ti ààbọ̀ àkókò, tàbí iṣẹ́ ara ẹni, tàbí iṣẹ́ tí a ń gbà ṣe lẹ́yọ-lẹ́yọ, tàbí iṣẹ́ tí a ṣe nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́. Láti ọdún 2022, ààyè wà pẹ̀lú fún ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan láti tọ́jú ọmọ, láti tọ́jú òbí tí ara rẹ̀ kò yá, tàbí láti wo ara rẹ̀ sàn. Kò pọn dandan kí a fi irọ́ dí àlàfo ọdún kan.

Bí a ti lè kọ ọ́

Àwọn àgbà ní bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ṣe ń bá a pè é. Bí ó bá pè é ní pankara, àwọn ará yòókù yóò fi kó ilẹ̀. Àbúrò mi pe igbá rẹ̀ ní pankara. Èmi pe igbá lásán ní àwo góòlù. Àwa méjèèjì ni a kò sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa gan-an.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń bi ara mi ní ìbéèrè mẹ́ta lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: kí ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe? Báwo ni ó ti pọ̀ tó? Kí ni ó yí padà nítorí pé mo wà níbẹ̀? Bí mo ti kọ ti Gbági nìyí, nígbà tí mo padà sídìí rẹ̀:

"Olùrànlọ́wọ́ nínú òwò aṣọ ìdílé, ọjà Gbági Tuntun, Ìbàdàn. Mo ṣètò ìwé gbèsè oníbàárà 43, láàárín oṣù mẹ́jọ a gba ohun tí ó ju ìdajì owó náà padà. Mo ń kọ ìpolówó aṣọ tuntun ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sí orí WhatsApp lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Ti ìtumọ̀, mo kọ ọ́ pé iṣẹ́ tí mo ń gbà ṣe lẹ́yọ-lẹ́yọ ni, mo sọ irú ìwé tí mo túmọ̀, mo sì sọ iye ojú-ìwé rẹ̀. N kò pe ara mi ní olórí ẹnikẹ́ni. Mo kọ orúkọ ẹ̀kọ́ mi síta. Ní ibi tí wọ́n ti ń béèrè èdè tí ènìyàn gbọ́, mo kọ Yorùbá síbẹ̀, mo sì yàn án pé èdè abínibí mi ni.

Kí n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, mo tún ṣe ohun kan. Mo fojú inú wo ẹni tí a jọ ṣe iṣẹ́ náà pé ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń kà á. Bí ó bá jẹ́ ohun tí yóò rẹ́rìn-ín sí ni, mo dín in kù. Bí ó bá jẹ́ pé yóò sọ pé, "O gbàgbé ọjọ́ tí o ṣe báyìí báyìí," mo fi kún un. Mo ka ti Gbági sí màmá mi létí, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń kà á. Wọ́n ní oníbàárà 43 kọ́, pé ó kù méjì tí wọ́n gba ọjà láwìn nígbà tí n kò sí nílé. Mo jẹ́ kí ó dúró ní 43, nítorí iye tí èmi fi ọwọ́ kọ nìyẹn.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ kí n tó pa ẹnu dé. Má ṣe gbé àṣírí oníbàárà tàbí iṣẹ́ tí wọn kò tíì gbé jáde sí gbangba nítorí pé o fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ìwọ ni o ṣe é. Má ṣe kọ àdírẹ́sì ilé rẹ síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì kàn sí ọ pé iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, yára fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ ni ó yẹ kí ó san owó fún ọ.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí mo tún ojú-ìwé mi kọ, ẹnì kan tí ó ń ta aṣọ lórí ayélujára kàn sí mi pé òun ń wá ẹni tí yóò máa kọ ìpolówó fún òun ní èdè Yorùbá. Mo béèrè ohun tí ó mú kí ó yàn mí. Ó ní nítorí pé mo ti ta aṣọ rí. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n a ṣì jọ ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún àbúrò mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. N kò pàṣẹ fún un. Mo kàn bi í pé bí wọ́n bá pè é, tí wọ́n sì ní kí ó sọ ìṣòro kan tí ó bá pàdé ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ni yóò sọ? Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ: kíláàsì mẹ́ta, iye àwọn ọmọ tí ó wà nínú wọn, wákàtí àfikún, ìdíje ìṣirò. Ó ti kọjá aago mọ́kànlá kí a tó dìde.

Títí di àsìkò tí mo ń kọ èyí, wọn kò tíì pè é. N kò ní pa á rọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ rere nìkan ti tó láti rí iṣẹ́ ní ìlú wa yìí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá pè é, kò sí ìbéèrè kan tí yóò ká a mọ́ nípa iṣẹ́ tí ó kọ síbẹ̀, nítorí pé òun ni ó ṣe é.

Ẹ bá mi ṣí ojú-ìwé tiyín wò lónìí. Kí ni ẹ ti pè ní pankara níbẹ̀? Ó di ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀.