Ẹ Má Ju Ẹran Tí Wọ́n Gé Nù

Ẹ̀yin ará Ìgèdè, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣòwò láti Ìyìn títí dé Àrámọ̀kọ, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Egbò tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò jinná, àti kókó tó ń tóbi sí i lára, ẹ jẹ́ kí dókítà gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá sì yọ kókó náà tán, ẹ má gbà kí wọ́n dà á nù.

A kúkú mọ ohun tí à ń ṣe nílé. Egbò ẹsẹ̀ bàbá ti ń kẹ̀ láti èṣín. Wọ́n á tú kápúsù tẹtirasáíkílìn dà sójú rẹ̀, ìyẹ̀fun náà á gbẹ, á di èépá, aṣọ tí wọ́n fi dì í á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ṣí i láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ tuntun ni. Tó bá yá, ẹnìkan á ní bàbá ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó ṣe é là ń wá kiri, a ò wo egbò mọ́.

Ojú lásán ò lè mọ ohun tó ń jẹ egbò. Ìtọ̀ súgà lè fà á. Egbò tún wọ́pọ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS. Kòkòrò àìfojúrí náà wà níbẹ̀: lọ́dún 1976, Oluwasanmi àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ n'Íbàdàn tẹ ìròyìn jáde nípa egbò Buruli tí wọ́n rí ní Nàìjíríà, títí kan inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kókó tí kì í dunni ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, kó tó bẹ́. Ní Pobè, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń lọ gbàtọ́jú, àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára ènìyàn 1,227 láàárín ọdún 2005 sí 2011. Rifampicin àti clarithromycin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n bí egbò mìíràn tó jọ ọ́ bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ẹ lo oògùn yẹn fún ọdún kan, kò ní í gbọ́.

Ẹni tí iná kẹrosíìnì jó lọ́mọdé, ẹ kíyè sí ojú àpá náà. Láti ọdún 1828 tí Marjolin, dókítà ará Faransé, ti kọ nípa irú egbò bẹ́ẹ̀, a ti wá mọ̀ pé ojú àpá lè padà di jẹjẹrẹ, nígbà mìíràn lẹ́yìn 30 ọdún. Bí etí egbò bá gbé sókè tó le, tí ẹran ń hù jáde láàárín rẹ̀, tí ó ń rùn, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró pẹ́.

Jẹjẹrẹ inú ẹran, inú ọ̀rá àti inú iṣan tún wà, èyí tí wọ́n ń pè ní sàkómà. Kò wọ́pọ̀, nínú 100 àgbàlagbà tó ní jẹjẹrẹ, bí ẹnì kan ni. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ronú kàn án. Ọ̀kan nínú wọn máa ń yọ lọ́wọ́ tàbí ìka àwọn ọ̀dọ́, bíi kókó kékeré, á bẹ́, á di egbò tí kò jinná. Ọdún 1970 ni dókítà Enzinger, ní Washington, fún un lórúkọ, ó sì kìlọ̀ pé ó máa ń fara jọ àìsàn mìíràn, kódà lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi. Bí ó bá lè tan onímọ̀ jẹ, kí lẹni tó ń ta oògùn fẹ́ rí? Kókó tó bá ti tó ẹyin adìyẹ, tàbí tó ń dàgbà kíákíá, tàbí tó wà nísàlẹ̀ ẹran, ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbé e lọ: EKSUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, l'Adó, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ n'Ídòó.

Wọ́n ní bí ọ̀bẹ bá kan jẹjẹrẹ, ńṣe ló ń tàn. Gígé díẹ̀ fún àyẹ̀wò lọ́nà tó yẹ kọ́ ló ń pani. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí ẹnìkan fi ìkánjú yọ kókó ńlá láìya àwòrán rẹ̀, láìmọ ohun tó jẹ́, kó sì rán ojú rẹ̀ pa.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹran tí wọ́n ti yọ. Wọ́n á ní kí mọ̀lẹ́bí sanwó àyẹ̀wò, mọ̀lẹ́bí á ní, “Ṣebí wọ́n ti yọ ọ́.” Inú korobá ló máa parí sí. Ọdún kan lẹ́yìn náà, kókó á tún hù lójú kan náà, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tí àkọ́kọ́ jẹ́. Owó náà kì í ṣe kékeré fún àgbẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹbí tó ń dáwó aṣọ òkú lè dáwó àyẹ̀wò fún alààyè.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé ẹran náà lọ síbi àyẹ̀wò, ẹ béèrè bóyá inú fọ́málìn ló wà. Omi lásán á jẹ́ kó jẹrà. Kí ike náà lẹ́nu gbòòrò, kí fọ́málìn náà pọ̀ ju ẹran lọ dáadáa, kí orúkọ aláìsàn àti ibi tí wọ́n ti gé e wà lára ike fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórí ìdérí. Ẹ béèrè ọjọ́ tí èsì á jáde. Ẹ padà lọ gbà á, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílé, kẹ́ ẹ sì mú ojúlówó lọ fún dókítà tó gé e.