Ẹ̀kọ́ Kì í Ṣe Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kì í wọ́n lẹ́nu wa, yálà ní ilé ìwé, ní ọjà tàbí níbi ìpolongo ìbò. Ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀dùkéṣàn. Bí ọmọ bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mu omi, a ní ó ní ẹ̀dùkéṣàn. Bí àgbàlagbà bá ń ka Bíbélì Yorùbá já gaara, tí ó ń kọ lẹ́tà, tí ó sì ń ṣírò owó ọjà rẹ̀ láìṣì, ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a ní púrúǹtù ni. Àwa kò fara mọ́ irú ìlò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ tiwa. Láti ara kọ́ ni ó ti wá: òun ni à ń lò fún olùkọ́ tí ń kọ́ni, fún ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́, àti fún ẹni tí ń kọ́lé. Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí kò dárúkọ èdè kankan. Òye àti ìwà ni ó ń béèrè.

Àwọn ọmọdé ni ó ń jìyà àṣìlò yìí. Ilé ìwé wà tí wọ́n ti ń na ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní fanákúlà. Ọmọ náà yóò há ẹ̀kọ́ sórí bí ayékòótọ́, kò sì ní í lóye rẹ̀.

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó ní ó ń mú kí àwọn ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní 2022 kò tí ì parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Báwo ni yóò ṣe ti dé ìdánwò ìwé mẹ́wàá? A kì í dá ọkọ́ tí a kò fi ro oko lẹ́bi pé oko kún fún koríko.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní Gẹ̀ẹ́sì dáradára, nítorí ó wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan jẹgba nítorí èdè ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú tí ẹ ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 yangàn, ẹ bi àwọn tí yóò wá tọrọ ìbò yín léèrè pé: ẹ̀kọ́ tí kò bá yé ọmọ, kí ni ọ̀fẹ́ rẹ̀ já mọ́?