BÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ILÉ BÁ GAN KÍ Ó TÓ JÍ TÁN

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó kàn lóṣù yìí. Ní Ilé-Ifẹ̀ wa, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè gbé iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, àti fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tàn án, tí ó dúró gbagidi, tí máòsì kò rìn mọ́, àyà gbogbo ilé a já.

Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé ọwọ́ ayé ni. Ohun tó ń ṣe é ní ìdí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Ó lè jí lẹ́yìn náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò ti lọ. A lè ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Iṣẹ́ tí ọmọ fi oṣù púpọ̀ kọ kò sí lọ́jà.

IBO NI Ó DÚRÓ SÍ?

Ìpele mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ń gbà jí. Á kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Á wá Windows lórí hard disk. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé Windows dìde pẹ̀lú àwọn ètò tó tẹ̀ lé e. Ibi tí ó bá dúró sí ni yóò júwe àìsàn rẹ̀.

1. Bí ó bá dúró lórí àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tàbí tí ó ń ké ṣáá: Ẹ tẹ bọ́tìnì iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹ yọ flash, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ohun gbogbo tí ẹ kì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún un tàn. Flash tí a gbàgbé sára rẹ̀ nìkan lè dá a dúró. Bí kò bá jí, eruku ọyẹ́ lè ti bo ẹsẹ̀ RAM. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yọ wáyà iná, kí ó yọ RAM, kí ó fi ìrésà rọra nu ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó sì tì í padà dáadáa. Bí aago rẹ̀ bá ń padà sí ọdún àtijọ́, bátìrì kékeré bí owó ẹyọ, CR2032, ni ó ti kú. Ṣùgbọ́n àpótí tí wáyà iná wọ̀, ẹ má ṣe ṣí i. Iná lè ṣì wà nínú rẹ̀.

2. Bí ojú rẹ̀ bá dúdú, tí ẹ sì ń gbọ́ "kọ́, kọ́, kọ́": Hard disk ni. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ń lo irú èyí tó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí iná bá já lójijì nígbà tí ó ń kọ nǹkan, ó lè ṣèpalára fún un. Ẹ pa á, ẹ má tàn án mọ́! Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un tàn, ó lè máa bàjẹ́ sí i. Kí a yọ ọ́, kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a sì kó ohun inú rẹ̀ jáde.

3. Bí àmì Windows bá yọ, tí ó kàn ń yí kiri: Bí iná hard disk bá ń ṣẹ́jú, ẹ mú sùúrù tó wákàtí kan, ó lè máa parí àtúnṣe tí iná NEPA dá dúró. (NEPA kò sí mọ́ láti 2005, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu wa!) Bí kò bá yí padà, Windows 10 àti 11 fúnra wọn a máa ṣí ojú ewé àtúnṣe bí wọn kò bá lè jí ní bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra. Ẹ mú Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kí ẹ sì tẹ 4 fún Safe Mode. Lórí Windows 7, F8 ni ẹ ó máa tẹ̀ bí ó bá ti ń tàn. Bí ó bá jí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ètò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ni ó fa wàhálà. Ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ yín sórí flash, kí ẹ tó yọ ètò náà.

BÍ Ẹ BÁ GBÉ E LỌ FÚN ÀTÚNṢE

Ìbáà jẹ́ Lágéré tàbí Mayfair, ẹ sọ fún ẹni tí yóò tún un ṣe ibi tí ó dúró sí àti ìró tí ẹ gbọ́. Ẹ bèèrè iye owó ṣáájú. Ẹ sọ ọ́ kedere pé, "Ẹ kọ́kọ́ bá wa kó ohun inú rẹ̀ jáde. Ẹ má fọ́ọ̀mátì rẹ̀ láìpè wá."

Ẹ̀yin tí tiyín ṣì ń jí, ẹ má dúró dìgbà tí yóò gan. Ẹ ra UPS, kí ẹ sì máa yẹ bátìrì rẹ̀ wò, nítorí kì í pẹ́ ju ọdún díẹ̀ lọ. Bí iná bá lọ, UPS kò ní kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ó ní kí ẹ tètè pa kọ̀ǹpútà bó ti yẹ. Lálẹ́ òní, ẹ kó iṣẹ́ yín sí ibi méjì: ọ̀kan sórí flash, ìkejì sórí Google Drive.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó tún di oṣù tó ń bọ̀.