Àkàtúnkà Nìkan Kò Tó fún Ìdánwò Ẹ̀yà Ara

Eegun 206 ni ó wà lára àgbàlagbà. 27 nínú wọn ni ó wà láti ọrùn ọwọ́ kan títí dé orí ìka. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn òyìnbó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n ti so kọ́ra. Ọ̀pọ̀ gbà pé àkàtúnkà ni ọ̀nà àbáyọ. Èrò yìí kò tọ̀nà.

Ní ọdún 2006, Roediger àti Karpicke ní Amẹ́ríkà fi hàn pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tí ó tún àyọkà kà ni ó rántí jù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí ó pa ìwé dé, tí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀, ni ó borí. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ ya eegun láìwòwé, kí ó fọwọ́ kàn án lára ara rẹ̀, kí ó dárúkọ rẹ̀, kí ó sì padà sí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá ń ṣàn, dókítà kò ní ráyè ṣíwèé.

Ẹ̀kọ́ ni èyí fún olùkọ́ èdè pẹ̀lú. Olùkọ́ tí kò bi ọmọ ní ìbéèrè, inú ajere ni ó ń rọ omi sí.