Ẹ Bi Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Léèrè

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti owó ilé-ìwé, kì í sì í ṣe ti ìdánwò. Ibi tí ọmọ ń jókòó sí, ibi tí ó ti ń mu omi, àtẹ̀gùn tí ó ń gùn lójoojúmọ́: ta ni a bi léèrè kí a tó ṣe wọ́n bí a ṣe ṣe wọ́n?

Ìlànà kan wà tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ti tàn ká ayé. Kọ́kọ́ bá ẹni tí ọ̀ràn kàn jókòó, kí o gbọ́ tẹnu rẹ̀. Wá sọ ohun tí ìṣòro náà jẹ́ gan-an. Da èrò púpọ̀ sílẹ̀ láìtíì ṣá ọ̀kankan tì. Fi ohun tí kò wọ́n ṣe àwòṣe èyí tí ó dára jù, kí o sì gbé e fún ẹni tí yóò lò ó kí ó dán an wò. Ìrònú ọlọ́nà ni èmi ń pè é, nítorí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ń gbẹ́ odó yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá iyán ni a fẹ́ fi gún tàbí àgúnmu. Onídìrí tí ó mọṣẹ́ kò sì ní ṣàì béèrè bóyá irun ń dùn ọ́.

Èkó náà kì í ṣe ìlú aláìlárà. Ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, tí João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà láàárín àwọn Àgùdà, kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní 1894. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ibi tí wọ́n ń gbé, ìtàn tí Erékùṣù Èkó ní láti sọ korò díẹ̀.

Ní 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ King's College kúrò ní ibùsùn wọn kí àwọn ológun lè rí ibẹ̀ lò. Ibi tí wọ́n kó wọn lọ kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì fẹ̀hónú hàn. Ilé-ẹjọ́ ni ìjọba amúnisìn fi dá wọn lóhùn. Wọ́n fi tipátipá sọ mẹ́jọ nínú wọn di ọmọ ogun. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ yìí kú sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìbínú tí èyí dá sílẹ̀ wà lára ohun tí ó kó àwọn ènìyàn jọ sí Gbọ̀ngàn Glover ní oṣù kẹjọ ọdún náà, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ NCNC sílẹ̀, tí Herbert Macaulay jẹ́ ààrẹ, tí Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ibùsùn di ọ̀rọ̀ òmìnira. Ó wú ni lórí, àmọ́ bí ẹ bá jẹ́ òbí, ẹ ó mọ̀ pé ìyá ọmọ tí ó kú náà kò bá wọn yọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí ó dùn díẹ̀ wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2012, owó bẹntiróòlù fò láti 65 náírà sókè kọjá 140 kí ìjọba tó dá a padà sí 97. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 14 sí 15 gbé ẹ̀rọ kan wá sí Maker Faire Africa ní Èkó. Ìtọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ yóò ya háídrójìn kúrò nínú ìtọ̀, wọn yóò fi omi sẹ́ ẹ, wọn yóò fi bóráàsì gba ọ̀rinrin rẹ̀, kí ó tó wọ inú jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní lítà ìtọ̀ kan yóò fún wọn ní iná wákàtí mẹ́fà. Ìròyìn náà ká gbogbo ayé. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi sọ pé agbára tí a óò fi ya háídrójìn náà yóò ju èyí tí a óò rí gbà padà lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀ mo gbà pé àwọn ọmọ náà ti ṣe púpọ̀: wọ́n rí ohun tí ó ń ni ilé wọn lára, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kan nǹkan. Ibi ìdánwò, níbi tí àgbà ti yẹ kí ó ràn wọ́n lọ́wọ́, ni iṣẹ́ náà kù sí.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ yìí le ju ti ibòmíràn lọ, nítorí ilẹ̀ ti tán. CMS Grammar School tí a dá sílẹ̀ ní Erékùṣù ní 1859 kó lọ sí Bàrígà ní 1959. Àwọn tí kò rí ibi kó lọ ń bá ọjà àti ọkọ̀ pín ojú ọ̀nà, àwọn mìíràn sì wà lókè ilé àwọn ayálégbé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó wó ní Ìta Fájì ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, tí ènìyàn 20 sì kú, tọmọdé tàgbà. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ti sàmì sí ilé náà pé kí a wó o. Ẹ jọ̀wọ́, n kò sọ pé kí a ní kí ọmọdé yẹ ìpìlẹ̀ ilé wò. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni, àti ti LASBCA. Iṣẹ́ òbí sì ni láti wo ara ògiri bóyá wọ́n ti kọ nǹkan sí i kí ó tó san owó ilé-ìwé.

Ohun tí ọmọ mọ̀ jù wá lọ ni bí ọjọ́ ṣe ń rí níbẹ̀. Ó mọ ìṣẹ́jú tí ó ń lò lórí ìlà omi. Ó mọ kíláàsì tí ariwo jẹnẹrétọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ olùkọ́. Ọmọbìnrin mọ ìdí tí òun kì í fi í lọ sí ilé ìgbẹ̀ títí di ìgbà tí òun bá délé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní sọ ọ́ bí a kò bá fi ọgbọ́n béèrè. Olùkọ́ kan lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe é: ọ̀sẹ̀ kìíní fún ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn kíláàsì kékeré, èkejì fún páálí, gọ́ọ̀mù àti àríyànjiyàn, ẹ̀kẹta fún ìdánwò. Bí àpẹẹrẹ, bí a bá jẹ́ kí àwọn kékeré jáde sinmi ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú àwọn àgbà, ìlà omi lè dín kù láìná kọ́bọ̀.

Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí ó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ méjì sórí ètò, kí ó tó kan ọ̀rọ̀ owó dídá. Bí ilé-ìwé ọmọ yín bá sì ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ kọ̀wé sí wa. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù ni ìṣòro tí àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ yàn.